Kẹ̀kẹ́ Tí Ó Ba Eré Jẹ́

  

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo lọ ra ẹ̀lùbọ́ ní ọjà ìlú kékeré tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, tí kò jìnnà sí Aiyétòrò. Ìyá elélùbọ́ wọ̀n ọ́n fún mi tán, ó fi ènì sí i, ó wá bi mí pé, “Tíṣà, ṣé ẹ ó ṣe eré yíyọ̀ yẹn lọ́dún yìí?” Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni ó bi mí, ọ̀rọ̀ náà kì bá tí jọ mí lójú. Ṣùgbọ́n ọmọ obìnrin yìí ni apá rẹ̀ dá nínú eré náà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀bi rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi. Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún yín láti ìgbà náà. Lónìí, mo fẹ́ sọ ọ́, nítorí mo mọ̀ pé n kò dá nìkan ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ wa, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Ilẹ̀ pupa ni. Bí òjò bá ti rọ̀ sí i bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ojú ibẹ̀ a máa yọ̀ bí ilá. Àwọn ọmọ a gé imọ̀ ọ̀pẹ, wọn a jókòó sí ìdí rẹ̀ tí ó fẹ̀, wọn a di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó di fìrìrì títí dé ìsàlẹ̀. Àwọn baba wọn ṣe é, èmi náà ṣe é ní kékeré mi ní Ìlaròó, ìyá mi sì nà mí nítorí ẹrẹ̀ tí mo fi ba aṣọ jẹ́. Ní oṣù keje ọdún, bí ìdánwò tẹ́ẹ̀mù kẹta bá ti parí, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ a jáde sí orí òkè náà. Kò sí ẹni tí ń pè wọ́n. Kò sí ìwé, kò sí fèrè, kò sí ife ẹ̀yẹ. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀, a hó fún un. Ẹni tí ó bá ṣubú sínú ẹrẹ̀, a hó fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin ń ṣe é, ọmọbìnrin ń ṣe é, àwọn àgbàlagbà tí ń ti oko bọ̀ a sì dúró wòran.

Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ náà, mo rí i, inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo ní, “Eléyìí kò létò.” Ẹ mọ̀ pé àwa tí a jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́, ètò ni a fẹ́ràn jù. Mo lọ bá ọmọ ìlú wa kan tí Ọlọ́run ṣe owó fún, mo ní kí ó bá wa fi ẹ̀bùn sí i. Bàbá náà kò jiyàn. Ó ra kẹ̀kẹ́ tuntun kan, tí ó ń dán yanran. A gbé e kọ́ sára igi fúrúùtù tí ó wà níwájú ilé-ẹ̀kọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì kí gbogbo ayé lè rí i.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì náà ni eré kú. Baba kan lọ bẹ kápẹ́ńtà, ó gbẹ́ pákó fún ọmọ rẹ̀, ó sì fi àbẹ́là pa á nídìí kí ó lè yọ̀ dáadáa. Ní ọjọ́ kejì, kápẹ́ńtà náà ti gba iṣẹ́ pákó márùn-ún sí i. Àwọn ọmọ tí ó ti jáde ìwé mẹ́fà láti ọdún mélòó kan padà wá sọ pé ọmọ ọdún méjìlá ni àwọn. Wọ́n lé àwọn ọmọ kékeré kúrò lórí òkè pé kí wọ́n má ba ojú ọ̀nà jẹ́. Àwọn ọmọbìnrin fúnra wọn yẹra. Nígbà tí ọjọ́ pé, ọmọ mọ́kànlá péré ni ó dúró sórí òkè tí ó máa ń kún fọ́fọ́. Baba méjì sì ti ń fa ara wọn láṣọ ní ẹ̀gbẹ́ kan nítorí àbẹ́là.

Mo wà ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú fèrè lẹ́nu. Ọmọ ìyá elélùbọ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá, sọ̀kalẹ̀ lórí pákó alábẹ́là, ó kọjá ibi tí ó yẹ kí ó dúró, ó lọ fi apá gbá gbòǹgbò igi. Mo gbọ́ bí egungun náà ṣe dún. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá ṣẹ́ igi gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àyà mi a já.

A gbé ọmọ náà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó sì san. Nígbà tí mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, mo rò pé yóò bú mi. Kò bú mi. Ó ní, “Tíṣà, ẹ dìde. Apá ọmọ mi yóò san. Ṣùgbọ́n eré ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ní tẹ́lẹ̀, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn, ẹ fún wọn ní ìjà.” Èébú ì bá sàn fún mi.

Ọ̀gá wa fi òfin de eré náà. Ẹ ó ní ó tọ́. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù keje tún dé, òjò kò gbọ́ òfin, àwọn ọmọ náà kò sì gbọ́. Wọ́n wá ibòmíràn lọ, ojú àgbàrá kan tí ó já sí títì tí àwọn típà oníyanrìn ń gbà. Ní ọjọ́ kan, ọmọ méjì yọ̀ dé ojú títì gan-an nígbà tí típà kan ń bọ̀. Ọlọ́run ni ó yọ wọ́n. Dírẹ́bà tẹ búrẹ́kì, ọkọ̀ náà sì fi ẹ̀gbẹ́ dúró sínú kòtò. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé a ti ba eré jẹ́ nígbà tí a fi kẹ̀kẹ́ sí i, a sì tún bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí a fi òfin dè é.

Ìbànújẹ́ yìí ni mo ń sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan lórí fóònù. A jọ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni, ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà ni ó wà báyìí, tí ó ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, ṣé o mọ̀ pé àwọn òyìnbó ibí náà ń ṣe eré yíyọ̀? Jẹ́ kí n sọ ti Mount Baker fún ọ.” Ohun tí ó sọ, àti èyí tí mo wá kà fúnra mi lẹ́yìn náà, ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ òjò-dídì tí a ń kà nínú Bíbélì, tí ó funfun bí òwú. Ní ilẹ̀ òtútù, a máa bo gbogbo òkè. Láti ayébáyé ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, rìn lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1965, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sherman Poppen, ní ìlú Muskegon ní ìpínlẹ̀ Michigan, fẹ́ wá ohun tí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ yóò fi ṣeré. Ó mú irú pákó méjì bẹ́ẹ̀, ó dè wọ́n pọ̀ di ọ̀kan, ó ní kí wọ́n dúró lé e lórí, kí wọ́n máa yọ̀ lọ. Gbogbo ọmọ àdúgbò ní àwọn náà fẹ́ ẹ. Eré ọmọdé ni ó bí i, bí tiwa gan-an. Àwọn ẹlòmíràn tún un ṣe, ó di ohun tí wọ́n ń pè ní snowboard.

Àwọn tí ó ni òkè ìṣeré kò fẹ́ wọn rárá. Wọ́n ní ọmọ ìgboro ni àwọn onípákó kan ṣoṣo yìí, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ibi ìṣeré Mount Baker wà lára àwọn díẹ̀ tí ó kọ́kọ́ gbà wọ́n. Ìpínlẹ̀ Washington ni ó wà, nítòsí ààlà Kánádà. Ará ẹnu-ààlà ni wọ́n, bí àwa tí a wà ní Yewa ṣe jẹ́ ará ẹnu-ààlà Bẹ̀nẹ̀. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi afẹ́ ńlá. Abúlé kékeré tí ń jẹ́ Glacier ni ó wà ní ìsàlẹ̀ òkè náà. Ohun tí wọ́n ní ju ẹlòmíràn lọ ni òjò-dídì. Láti ìparí ọdún 1998 sí àárín ọdún 1999, òjò-dídì tí ó rọ̀ níbẹ̀ jẹ́ íǹṣì 1,140, èyíinì ni ẹsẹ̀ bàtà 95. Bí a bá kó o jọ láìyọ́, yóò ga ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́jọ lọ. Ìwé àkọsílẹ̀ àgbáyé gba èyí wọlé.

Ní ọdún 1985 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan níbẹ̀. Legendary Banked Slalom ni wọ́n ń pè é. Wọn kò wá pápá ńlá kankan. Ojú ọ̀gbun kan wà lára òkè náà, tí ó rí bí ojú àgbàrá tiwa, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ga. Inú rẹ̀ ni wọ́n ri ọ̀pá mọ́. Wọ́n fi ṣọ́bìrì kó òjò-dídì jọ bí ebè sí ibi tí ọ̀nà ti yí, onípákó a sì máa fara ti ebè yìí yípo. Nítorí náà, kì í ṣe sísáré gbọnrangandan ni ó ń jẹ́ kí ènìyàn borí. Mímọ bí a ti ń yí ni. Tom Sims, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ń ṣe pákó yìí tà, ni ó gba ipò kìíní lọ́dún náà.

Ẹ wá gbọ́ ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tí ó bá borí. Téèpù ni! Téèpù fífẹ̀ tí a fi ń lẹ nǹkan, tí wọ́n sọ di aláwọ̀ wúrà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bàtà àti okùn wọn kì í pẹ́ já, téèpù yìí ni wọ́n fi ń dì í kí wọ́n lè rí eré ṣe délẹ̀. Ohun tí ó ń tán ìṣòro wọn ni wọ́n sọ di adé. Kò sí ẹni tí ó lè ta á kó fi kọ́lé. Síbẹ̀, àwọn ọ̀gá onípákó ń ti ọ̀nà jíjìn wá láti du téèpù. Ọmọdé ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, obìnrin ní tirẹ̀, àgbàlagbà ní tirẹ̀, ojú ọ̀nà kan náà sì ni gbogbo wọn ń gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìwé mẹ́fà lè tẹ ojú ipa pákó ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọdún 2015, òjò-dídì kò tó. Wọn kò fi agídí ṣe é, wọn kò sì gbé e lọ sí ibòmíràn. Wọ́n sún un di ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n sì dúró de ojú ọ̀run.

Ọkùnrin kan wà láti ilẹ̀ Norway, Terje Haakonsen ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú eré pákó yìí wọ ìdíje Òlíḿpíìkì, ní ìlú Nagano ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1998, ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí ọ̀gá gbogbo wọn. Ó ní òun kò lọ, nítorí àwọn oníṣẹ́ pákó méjì ni a fi ṣe olórí eré àwọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kan náà lọ sí Mount Baker láti du téèpù, ó sì gbà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

N kò sọ èyí kí n lè bu ẹnu àtẹ́ lu Òlíḿpíìkì o. Àwọn ọmọ wa náà ti lọ síbẹ̀, wọ́n sì gbé orúkọ wa ga. Ní ọdún 2016, Seun Adigun, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Chicago, tí ó ti sáré fún wa ní London ní ọdún 2012, fi pákó kan ọkọ̀ ìyọ̀ fúnra rẹ̀ nínú gáréèjì ní ìlú Houston, níbi tí òjò-dídì kì í sábà sí. Orí ọkọ̀ pákó yìí ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga, ti kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń tì í. Nígbà tí ó di ọdún 2018, wọ́n dé Pyeongchang ní Gúúsù Kòríà, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gun ọkọ̀ náà ní Òlíḿpíìkì. Simidele Adeagbo wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí ń fi àyà dùbúlẹ̀ lórí irin tí ń yọ̀, tí orí rẹ̀ ṣíwájú. Ogún obìnrin ni ó díje, òun ni ó ṣe ogún. Ta ni nínú yín tí ó gbọ́ pé ó ṣe ìkẹyìn? Ohun tí a gbọ́ ni pé ó dé ibẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ràn eré kì í kú bí kò bá gba ife.

Bí mo ti ń ro gbogbo èyí, ojú tì mí. Ṣé àwa ará Yewa ni ó yẹ kí a lọ kọ́ irú ọgbọ́n yìí ní Amẹ́ríkà? Àwa tí a ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́! Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ohun iyebíye gbogbo aráyé, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kéde, àwọn baba wa ti ní, ojú tí ó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Ọjọ́ wo ni ẹ rí i tí a gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ igi fún oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Síbẹ̀, kò sí ọmọ ìlú tí kò mọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ìlù mu. Ojú ará ìlú ni ife ẹ̀yẹ rẹ̀.

Ní ọdún tí ó kọjá, mo lọ bá ọ̀gá wa, mo sì bẹ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. A gba òkè wa padà. Àwọn baba mú ọkọ́ wá, a gbẹ́ ojú ọ̀nà náà kí ó yí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, a sì mọ ebè sí ibi tí ó ti yí, kí ọmọ má baà fò gbọnrangandan. A hú gbòǹgbò igi yẹn. Èmi ni mo fi àáké gé e fúnra mi. A kó ìyẹ̀fun pákó sínú àpò, a tò ó sí ìsàlẹ̀. A ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú pákó wá: imọ̀ ọ̀pẹ tí a gé láàárọ̀ ọjọ́ náà ni gbogbo ènìyàn yóò gùn, ọmọ olówó àti ọmọ tálákà.

Ó wá ku ẹ̀bùn. A jókòó, a ronú. Ìyá elélùbọ́ ni ó dá a lábàá. Ó ní, “Kí ni ìṣòro wa nínú eré yìí? Ṣé kì í ṣe ẹrẹ̀? Ẹ fún wọn ní kàn-ìn-kàn-ìn.” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é. Kàn-ìn-kàn-ìn tuntun kan àti ọṣẹ dúdú, tí a fi òwú pupa dì, ni ẹ̀bùn ẹni kìíní ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ò bá wà níbẹ̀! Òkè náà kún. Àwọn ọmọ kékeré lọ, àwọn ọmọbìnrin lọ, ọ̀kan nínú wọn sì yára ju gbogbo ọmọkùnrin lọ. A ní kí àwọn òbí náà wá. Bíríkìlà kan tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó yọ̀ dé ìsàlẹ̀, ó sì ní òun fẹ́ tún un ṣe. Àwa tíṣà mẹ́fà díje, mo ṣe ìkarùn-ún. Ẹni tí ó ṣe ìkẹfà kò dé ìsàlẹ̀ rárá, inú ebè kejì ni a ti lọ fà á jáde. Ọmọ tí apá rẹ̀ dá ní ìjelòó dúró lórí òkè fún ìgbà pípẹ́. N kò bá a sọ nǹkan kan. Nígbà tí ó yá, ó jókòó, ó sì lọ jẹ́jẹ́. Kò gba ipò kankan. Nígbà tí ó dé ìsàlẹ̀, ó wò mí, ó sì tún gbé imọ̀ rẹ̀, ó ń gun òkè lọ.

Ẹ̀yin tíṣà, bí ẹ bá rí i tí àwọn ọmọ ń ṣeré tí inú wọn ń dùn, ẹ ṣe sùúrù kí ẹ tó fi ètò sí i. Ibi tí ewu wà ni kí ẹ tún ṣe; ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò wa, a mọ̀ pé ẹ lawọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ran eré ọmọdé lọ́wọ́, ẹ ra ọkọ́, ẹ ra omi mímu, ẹ ra òògùn ojú ọgbẹ́ fún gbogbo wọn. Ẹ̀bùn tí ó bá tóbi ju eré lọ, òun gan-an ni yóò di eré, àwọn àgbà ni yóò sì máa ṣe é. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe fi àbẹ́là pa ìdí ọmọ yín. Ẹni tí kò kọ́ bí a ti ń yípo, ibi gbòǹgbò igi ni yóò ti dúró.

Ẹ ó ní kí ni mo dá ìyá elélùbọ́ lóhùn ní ọjà. Mo ní, “Ìyá, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó ṣe é.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa àpò kan jáde lábẹ́ àtẹ rẹ̀, ó tú u. Kàn-ìn-kàn-ìn méje ni ó wà níbẹ̀, ó ti fi òwú pupa dì wọ́n. Ó ní, “Ọ̀kan wà fún tíṣà. Ẹ gbìyànjú lọ́dún yìí, ẹ má ṣe ìkarùn-ún mọ́.”

Ó dìgbà kan ná.